Ìwé Ìsàmì Tí Kò Gbọdọ̀ Ju Oṣù Mẹ́fà Lọ

Bọ́tìnnì, ọmọ mi,

Mo kí ọ lórí ìdúró, mo tún wá jókòó kí ọ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ dáadáa, ṣé àwọn aláìsàn inú wọ́ọ̀dù rẹ ti ń jẹ́ kí o rí oorun díẹ̀ sùn? Ọlọ́run tó pa ọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí o ti gbé bọ́tìnnì mì títí di òní kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lásìkò tí o fẹ́ wọlé ọkọ. O ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹni tí o fẹ́ fẹ́ kò ní ṣì ọ́ gbé, ilé tí ẹ óò kó sí kò ní jò, èyí tí mò ń gbé yìí ti jò tó fún gbogbo wa. Àmín.

Kí n tó gbàgbé, nínú àpò ìwé ńlá tí Fádà wa bá gbé fún ọ, wàá rí àpò ìwé kékeré kan tí mo fi òwú pupa rán ẹnu rẹ̀ pa. Ìwé ìsàmì rẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè ló wà níbẹ̀. Má tíì tú u. Mo bẹ̀ ọ́, kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí tán, kódà bí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì bá dúró lé ọ lórí. Orúkọ kan wà nínú ìwé náà tí o kò retí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó rí i lójú ìwé. Èmi gan-an ló yẹ kí n wá, torí ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti di ẹrù, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo tú u. Mo mú lẹ́tà torí pé lẹ́tà kò ní ojú tí mo máa wò.

Ilé wà bó ṣe wà. Ibi tó ń jò lórí máṣíìnì ìránṣọ mi ti sún, orí àga àwọn oníbàárà ló ń jò sí báyìí, mo sì dúpẹ́, torí oníbàárà lè dìde, máṣíìnì ò lè dìde. Ewúrẹ́ bàbá káfíńtà wọlé wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó sì jẹ apá ẹ̀wù ìgbéyàwó rẹ. Má bẹ̀rù, apá tí mo gé lára bébà ni, kì í ṣe ti aṣọ. Mo gbé ẹjọ́ lọ bá bàbá káfíńtà, ó ní ewúrẹ́ òun kò mọ̀ pé ti ìyàwó ni. Ó kan àpótí ìtìsẹ̀ kékeré kan fún mi láti fi bẹ̀ mí, ewúrẹ́ náà sì ti jókòó lórí rẹ̀ ju èmi lọ.

Ìwọ̀n tí o kọ ránṣẹ́ lórí fóònù, mo rí i, ṣùgbọ́n mi ò lò ó. Fóònù pẹlẹbẹ, ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á dín kù díẹ̀ dandan. Àwòrán rẹ tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, o tín-ín-rín níbẹ̀ ju bí o ṣe kúrò nílé lọ, èmi sì mọ̀ pé fóònù ló ṣe é. Nítorí náà, mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi, èyí tí mo ti ń kọ àyà rẹ, ìbàdí rẹ àti gígùn apá rẹ sí ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ láti ìgbà tí o ti pé ọdún kan. Mo wo ti èyí tó kẹ́yìn, mo wo ti fóònù, mo wá fi ínṣì kan kún un yíká. Èjìká bò dáadáa bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe fẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́tìnnì méjìlá ni mò ń fi sí i. Mo mọ̀ pé ìyẹn á yà ọ́ lẹ́nu, torí o mọ̀ mí mọ síìpù, kò sí ẹni tó tíì rí mi kí n ṣe ojú bọ́tìnnì sára aṣọ rí. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ìwé tó ní gbogbo nǹkan tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè, mo ti fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ ògiri, mò ń kà á bí mo ṣe ń ránṣọ. Mo rí i pé gbogbo Sátidé ni ẹ óò fi lọ kíláàsì ìgbéyàwó fún oṣù mẹ́ta. Bọ́tìnnì, jókòó síwájú. Tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, jẹ́ kí ọkọ rẹ tó ń tún fíríìjì ṣe kọ́kọ́ dáhùn, tó bá ṣì í, kí ìwọ wá fi pẹ̀lẹ́ tún un ṣe, ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbéyàwó gan-an nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé òun féèlì tí ìwọ yege, bẹ Fádà ibẹ̀ kó jẹ́ kó tún kíláàsì náà ṣe kí o dúró dè é. Ẹni tó bá lè tún fíríìjì ṣe kò yẹ kó pẹ́ jù níbẹ̀.

Ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n ní kí ẹ mú wá ló kó mi lọ́kàn sókè, torí mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe kóòtù. Fádà wa ní ẹnikẹ́ni ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó ní wọ́n kàn fẹ́ kí èèyàn méjì mìíràn fi ojú rí i kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, àwọn tí kì í gbàgbé nǹkan ni kí o mú. Wọ́n á tún bi ọ́ níwájú pẹpẹ bóyá tinútinú rẹ ni o fi wá, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú ọ. Dáhùn sókè. O mọ̀ pé o máa ń fi ohùn sábẹ́ ahọ́n tí ojú bá ń tì ọ́, kí wọ́n má lọ rò pé èmi ni mo lé ọ wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìsàmì ló wá gba oúnjẹ lẹ́nu mi. O kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ìwé ìsàmì náà kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, pé o fẹ́ kọ̀wé sí ìjọ tí wọ́n ti sàmì fún ọ ní ìlú tí a wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kí o má kọ nǹkan kan, mo ní èmi fúnra mi ni màá lọ. O ní Màmá, ọ̀nà jìn. Mo ní ẹsẹ̀ mi ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Má bínú sí bí mo ṣe dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ló dáhùn, kì í ṣe èmi.

Ohun tí ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà yẹn jẹ́ létí mi ni pé ìsàmì tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ti bàjẹ́, bí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì máa ń dànù. Ìwọ tó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, omi tìrẹ ti gbẹ tipẹ́. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo ní wọ́n á tún sàmì fún ọ nìyẹn, wọ́n á kọ ìwé mìíràn, wọ́n á béèrè pé kí ni orúkọ ìyá rẹ̀, èmi á sì dáhùn. Mo ra tówẹ̀lì funfun kan. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì Fádà wa, mo bi í bóyá wọ́n máa ń gbé àgbàlagbà lọ́wọ́ ni àbí ó máa dúró fúnra rẹ̀, torí ẹ̀yìn ń dùn mí.

Fádà wò mí, ó wo tówẹ̀lì. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sàmì fún èèyàn, bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bí i, pé omi náà kì í gbẹ. Ó ní ìwé tuntun ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ìsàmì tuntun. Ìjọ tí wọ́n ti sàmì fún èèyàn ní ìwé ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ wà, bó bá sì ti ṣègbéyàwó, ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kí wọ́n tún ìwé náà kọ jáde ni láti mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ tìrẹ ṣófo, pé o ò fi ọkọ kankan pamọ́ síbì kan. Mo bi í bóyá bí wọ́n bá ti ń tún un kọ, wọ́n lè tún àwọn nǹkan díẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ó ní nǹkan bíi kí ni. Mo ní kò sí o, mo kàn béèrè. Mo gbé tówẹ̀lì mi, mo sì lọ sílé.

Wọ́n ní ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, èmi sì ti sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, mo ti sọ̀rọ̀ òrùlé, mo ti sọ̀rọ̀ fíríìjì. Bọ́tìnnì, èmi kọ́ ni mo bí ọ. Àbúrò mi obìnrin ló bí ọ, èyí tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri lókè máṣíìnì, tí mo máa ń sọ fún ọ pé ó ti kú kí o tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí ọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ló fi rí ọ, mo kà á.

Bàbá rẹ tí mo sọ fún ọ pé ó já bọ́ látorí ilé alájà, bíríkìlà ni lóòótọ́, ó sì já bọ́ lóòótọ́, nígbà tí oyún rẹ wà ní oṣù márùn-ún. Ọkọ àbúrò mi ni. Kì í ṣe pé ọkọ kú fún mi, mi ò fẹ́ ọkọ rí. Nítorí náà, gbogbo ìmọ̀ràn tí mo fún ọ lókè yìí lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo fi ń sọ ọ́. Ìwọ bi Fádà ibẹ̀ wò dáadáa.

Èmi àti àbúrò mi la jọ ń ránṣọ nínú yàrá kan. Èmi ni mò ń gé, èmi ni mò ń rán, òun ló ń ṣe ojú bọ́tìnnì, wọ́n sì máa ń gbé aṣọ wá láti ibòmíràn torí pé ojú bọ́tìnnì tirẹ̀ kì í tú. Lẹ́yìn tó bí ọ, ara rẹ̀ ò yá mọ́. Ó wà lórí ibùsùn, ó ń ṣe ojú bọ́tìnnì sára ẹ̀wù kékeré kan fún ọ, ojú mẹ́fà. Ó ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, kò rí àyè fi bọ́tìnnì sí i. Gbogbo èèyàn ni mo ti sọ fún pé torí pé o gbé bọ́tìnnì mì ni mo ṣe ń pè ọ́ ní Bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ kí o tó hu eyín. Ẹ̀wù yẹn wà níwájú mi, ìwọ náà wà níwájú mi, orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi síìpù sáṣọ gbogbo ayé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo gbé ọ. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń wò wá tàánú-tàánú, wọ́n ń pè ọ́ ní ọmọ òrukàn níṣojú rẹ, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé orúkọ tí wàá kọ́kọ́ gbọ́ láyé nìyẹn. Nígbà tí o pé oṣù mọ́kànlá, mo kó máṣíìnì, mo pọ̀n ọ́, a kó wá síbí tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Obìnrin tó gbà wá sílé wo ojú rẹ, ó wo ojú mi, ó ní ọmọ yìí mà jọ ọ́ o. Mi ò dá a lóhùn. Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé mo pa á, mo kàn jókòó jẹ́ kó kọjá, ìgbà tí o sì ti wá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ pè mí ní Màmá, mi ò lè dá ọ dúró mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi lo ogún, ó tún fi mẹ́fà ààbọ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni mo máa ń mú ìwé ìsàmì rẹ lọ fún Fádà fúnra mi nígbàkigbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Ikán ò jẹ ìwé yẹn bí mo ṣe sọ fún ọ, inú àpótí máṣíìnì ló wà.

Mo lọ sí ìlú náà. Katikíìsì, olùkọ́ ìjọ tó ń tọ́jú ìwé wọn, tó wà níbẹ̀ nígbà náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti darúgbó, ó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí, òwú náà kò sì dára. Ó gbé ìwé ńlá náà sílẹ̀, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan orúkọ rẹ. Ó ka orúkọ bàbá, ó ka orúkọ ìyá. Ohùn kan náà ló fi ka méjèèjì, bíi pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti gbọ́ orúkọ àbúrò mi lẹ́nu ẹlòmíràn kẹ́yìn, mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un kà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ fún ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ti ń kọ tuntun yìí, kó fi orúkọ mi sí ibi tí orúkọ ìyá wà. Mo ní màá rán ẹ̀wù gígùn fún un láìgba kọ́bọ̀, màá fi aṣọ sí i nínú. Ó ní ẹ̀wù òun ṣì dára. Ó ní ìwé yẹn kì í ṣe aṣọ tí èèyàn lè tú kó tún un rán, ohun tó bá ti wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò bá mi wí, ó kàn fún mi ní àga. Akọ̀wé ọ́fíìsì wọn ní òun lè ya ìwé náà sórí fóònù kí òun sì fi ránṣẹ́ sí ọ lójú ẹsẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kọ́ lèèyàn ń jù sókè kó máa fò lórí àwọn èèyàn, kí fóònù ẹni tó bá ṣáà wà ní títàn lójú ọ̀nà lọ gbà á sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ́kọ́ ka ìkéde ìgbéyàwó rẹ nínú ìjọ wa. O mọ̀ pé ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà á. Lẹ́yìn Mísà, Fádà ka orúkọ rẹ, ó ka ti ọkọ rẹ, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ni mo bá gbọ́ tó ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́ra, kó wá sọ ọ́. Bọ́tìnnì, èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan nínú ìjọ yẹn àfi èmi. Mo rò ó pé tí mo bá dákẹ́, màá ba ìgbéyàwó rẹ jẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, tí mo bá sì sọ̀rọ̀, màá bà á jẹ́ lọ́dọ̀ èèyàn. Mo ní kó kúkú bàjẹ́ lọ́dọ̀ èèyàn, ìyẹn ṣeé tún ṣe.

Mo tẹ̀ lé Fádà dé ibi tó ti ń bọ́ aṣọ Mísà, mo ní mo mọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n jókòó. Ó bi mí bóyá o ti ní ọkọ níbì kan, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ìwọ àti ọkùnrin náà jẹ́ ẹbí, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá wọ́n fi ipá mú ọ, mo ní ta ló lè fi ipá mú ọ. Mo wá sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, àyàfi pé mo sunkún fún òun, mi ò sunkún fún ìwọ, torí bébà á tutù. Lẹ́yìn náà, ó ní kò sí ohun tó ń dí ìgbéyàwó rẹ lọ́wọ́ nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ló kù, pé kí n sọ ọ́ fún ọ kí ìwé tó sọ ọ́. Òun náà ló ní òun ń bọ̀ wá sí ìpàdé lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú yín, pé kí n jókòó kọ ọ́, òun á gbé e. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, bàbá káfíńtà wúkọ́ lẹ́yìn mi bí wọ́n ṣe ń ka ìkéde náà, mo yíjú wò ó títí ó fi tọrọ àforíjì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti ìwọlé. Mo bi Fádà pé ta ló máa mú ọ rìn dé iwájú pẹpẹ nígbà tí bàbá rẹ ò sí, ó ní ìyá náà lè mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ín. Mo tẹ́ téèpù sílẹ̀ láti ìdí máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà, mò ń gbé ẹsẹ̀ ínṣì mẹ́wàá mẹ́wàá, ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí o ò mọ̀ lo sọ lórí fóònù pé èmi ni kí n mú ọ wọlé. Ní báyìí tí o ti mọ̀, bó bá jẹ́ ẹlòmíràn lo fẹ́ kó mú ọ wọlé, tàbí o fẹ́ dá rìn, mi ò ní bínú. Màá jókòó lẹ́yìn. Ojú mi ṣì ń ríran jìnnà, abẹ́rẹ́ nìkan ni mi ò rí dáadáa mọ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n màá jókòó.

Ó ku ohun kan tí katikíìsì fi hàn mí kí n tó dìde níbẹ̀. Ó ní kí n máa wo ìlà náà lọ, kí n má dúró síbi orúkọ ìyá. Mo wò ó lọ. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ìyá ìsàmì sí, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́. Ohun tí mo rántí ni pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin tó yẹ kó gbé ọ kò lè wá, àbúrò mi tí kò lè dìde lórí bẹ́ǹṣì fi ìgúnpá tì mí pé kí n lọ. Ìdí máṣíìnì ni mo ti sáré wá, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. Omi kàn ọ́ lórí, o ò sunkún, o di téèpù náà mú. Fádà ìgbà náà bi mí ní àwọn nǹkan, mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ kí n gbé ọ dáadáa kí o má bọ́ ni. Katikíìsì ní ohun tí mo ń dáhùn sí lọ́jọ́ náà ni pé mo gbà láti dúró ti ọmọ náà. Ó ní òfin ìjọ kò jẹ́ kí ẹni tó bí ọmọ tún jẹ́ ìyá ìsàmì rẹ̀, pé ká ní orúkọ mi ló wà lókè ni, wọn kì bá tí jẹ́ kí n gbé ọ. Mo yọ téèpù, mo wọn àárín orúkọ àbúrò mi àti tèmi. Ínṣì kan àbọ̀ ni. Nígbà tí o bá ti tú òwú pupa yẹn, wo ti òkè dáadáa, kí o sì kí i. Lẹ́yìn náà kí o wo ti ìsàlẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí àwọn òbí kọ nǹkan sí náà wà nínú àpò ńlá. Mo ti kọ ibi tí mò ń gbé àti iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ìyá ìyàwó, àti ibi tí wọ́n ti béèrè bí ẹni tó ń kọ ọ́ ṣe jẹ́ sí ìyàwó, mo fi méjèèjì sílẹ̀ ní òfìfo. Ìwọ ni kí o kọ ọ́. Ohunkóhun tí o bá kọ, màá fọwọ́ sí i.

Jọ̀ọ́, fi owó káàdì fóònù díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Fóònù mi ti gbẹ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé o pè kí ohùn rẹ dé ẹnu ọ̀nà kó má rí owó wọlé. Bàbá káfíńtà ní ẹni tí wọ́n bá pè kì í sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kó ewúrẹ́ rẹ̀ níjàánu, mi ò lè gba ọ̀rọ̀ fóònù gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Fi owó bàtà kún un, bó bá ṣì jẹ́ pé màá rìn. Má gba báǹkì fi ránṣẹ́. Báǹkì ní ìfọwọ́sí mi kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mo ní èmi náà kò jọ ti tẹ́lẹ̀, wọn ò gbà. Fádà ní òun á bá mi gbé e bọ̀.

Mo ti ṣe ojú bọ́tìnnì mọ́kànlá. Wọn ò dára tó ti àbúrò mi, ṣùgbọ́n wọn ò ní tú. Ìkejìlá ni mi ò tíì ṣe, mo fẹ́ kí o wá wọ ẹ̀wù náà wò kí n tó gé e.

Ọlọ́run á fi ẹ̀rín sí ilé rẹ. Oúnjẹ rẹ kò ní tán kí àlejò rẹ tó dé. Wàá bímọ, wàá rí wọn ju ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì lọ, wàá rí wọn títí tí wọ́n á fi máa bá ọ jiyàn. Ẹni tó bí ọ ń wò ọ́ láti ibi tó wà, kò sì ní ojú ìbínú sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo fẹ́ràn rẹ, Bọ́tìnnì. Tú òwú náà wàyí.

Èmi ni,
ẹni tó gbé ọ dání lọ́jọ́ tí omi kàn ọ́ lórí.